Ẹgbẹ́ Ọjọ́ Sátidé ní Mọ́kọ́lá: èrò mi lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yìí, tó ń ran àwa tí a kì í lè da nǹkan nù lọ́wọ́, kí n tó jókòó kọ èyí. Mi ò fẹ́ yára yìn wọ́n, torí mo ti fi ìwàǹwára yin àwọn kan rí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, mo sì padà kábàámọ̀.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní ojúlé kan tí kò jìnnà sí oríta Mọ́kọ́lá. Àga oníke bí ogún, tábìlì gígùn kan, fáànù méjì tí ọ̀kan nínú wọn kì í yí. Kò sí pátákó níta. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí bí orúkọ bá ti wà níta, gbogbo ẹni tó bá rí ọ lórí àtẹ̀gùn ti mọ ohun tó gbé ọ débẹ̀. Mo ti gbà fún wọn. Ẹni tó bá nílò wọn, kó bi mí níkọ̀kọ̀, màá júwe ọ̀nà.

Àwa tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ni àwa tí a kì í lè da nǹkan nù. Ìkójọ ni a ń pè é láàrin ara wa, ká má baà máa lo orúkọ tí ìgboro fún wa. Ìgboro ń pè wá ní ọ̀bùn. Ó ń pè wá ní ahun. Wọ́n ti pè mí ní ìyá alákìtàn níṣojú ọmọ-ọmọ mi.

Kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀: tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti kú. Òkè-Àdó ni mo ń gbé, yàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀, ilé tí èmi àti olóògbé jọ kọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló lè ráyè jókòó ní pálọ̀ mi, èmi náà sì nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àga kan. Rọ́bà áísìkiriìmù tó ti ṣófo, 214 ni mo bá nígbà tí wọ́n ní kí n kà á. Páálí Indomie tí mo ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Kẹ́ẹ̀gì òróró. Àpò ìrẹsì tí mo fọ̀ tí mo sá. Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi láti 1994. Fíríìjì méjì tó ti kú, tí mo sọ di ibi ìkẹ́rùsí. Ọ̀rá dúdú nínú ọ̀rá dúdú nínú ọ̀rá dúdú.

Súfẹníà sì ni olórí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí mo ń wí. Sátidé wo ni èèyàn ń ti òde bọ̀ tí kò ní gbé abọ́ oníke, tíréè, ife tàbí aṣọ ìnujú dání? Wọ́n á ti tẹ orúkọ olóde sí i lára, wọ́n á tẹ ọjọ́ sí i, bó bá jẹ́ òkú àgbà ni wọ́n ṣe, wọ́n á tẹ ojú olóògbé sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé tíréè tí ojú ìyá tó ń ta ẹ̀kọ fún wa ní oríta wà lára rẹ̀ lọ sójú àkìtàn? Ojú rẹ̀ á máa wo mi láti inú pàǹtí. Ìwé ètò ìsìnkú ńkọ́, èyí tí fọ́tò wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n kọ “Sùn un re o” sí ẹ̀yìn? Mo ní wọn nínú Ghana-must-go mẹ́rin. Bí mo bá fẹ́ da ọ̀kan nù, àyà mi á máa já bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ sin ẹni náà lẹ́ẹ̀kejì.

Kí n tó rí ẹgbẹ́ yìí, mo ti gba ìrànlọ́wọ́ méjì, mo sì gbọ́dọ̀ sọ wọ́n, torí òun ni mo fi ń wọn ẹ̀kẹta.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohun tó ṣe. Nígbà tí mo lọ sí àpéjọ àwọn obìnrin ní Ìlọrin fún ọjọ́ mẹ́rin, ó san ₦180,000 fún iléeṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn tún ilé ṣe. Wọ́n gbé típà wá. Nígbà tí mo dé, ilé ń dán, òórùn Izal gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Inú yàrá ni mo lọ tààrà, mo ń wá abọ́ ìyá mi.

Abọ́ páànù funfun kan ni, etí rẹ̀ ti ṣá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí Ògúnpa yalé, lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980. Òjò rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá, odò kún kọjá etí, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Aṣọ ni ìyá mi ń tà. Àpótí aṣọ rẹ̀ bómi lọ. Bẹ́ẹ̀dì lọ, ìwé mi lọ, fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní tí bàbá mi wà nínú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ yẹn nìkan ni ìyá mi rí, ó há sára ọgbà ẹnì kan. Ó fọ̀ ọ́, ó sì tẹ ẹ̀bà fún wa nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn onítípà ò lè mọ̀. Lójú wọn, abọ́ tó ṣá ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò gbé ìpè ọmọ mi. Mo ń jí lóru, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń wo ibi tí abọ́ wà tẹ́lẹ̀. Kí ọdún tó yí po, pálọ̀ ti kún padà, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo ti ń kó ẹrù pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọ́n tún ń bọ̀ wá kó o. Owó ọmọ mi ṣòfò, ìfọkàntán tó wà láàrin wa sì bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ tó wà ní òkè òkun, ẹ má ṣe é.

Ìrànlọ́wọ́ kejì ni àdúrà. Àwọn àgbààgbà ìjọ kan gbàdúrà fún mi fún ọjọ́ méje, ó sì tù mí nínú gan-an, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ keje, kò sí ẹni tó bá mi délé.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta, tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ló rí mi níbi tí mo ti ń ṣa kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dùgbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀. “Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e.” Ó bá mi gbé e dé inú Máíkírà. Kò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló wá mú mi lọ sí Mọ́kọ́lá.

Nọ́ọ̀sì àfẹ̀yìntì kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń darí ibẹ̀. Àárín àwọn tí ọkàn wọn ń dà láàmú ló ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, kò sọ pé kí n sọ ti ara mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú àbọ̀. Ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wà.” Ó wá ṣàlàyé fún gbogbo ilé, bí ẹni pé torí tèmi kọ́ ni, pé ohun tó ń ṣe wá kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe àfiṣe. Ó ní ní 2013 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé ńlá wọn gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró fúnra rẹ̀, pé tẹ́lẹ̀, abẹ́ àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tò ó sí. Pé ó wà nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Nínú ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti ilẹ̀ òkèèrè, ó ń ṣe bí èèyàn méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sábà máa ń yọjú láàrin ọdún mọ́kànlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á wá máa le sí i bí ọjọ́ orí bá ń lọ.

Ọdún mẹ́tàlá. Mo gbé gèlè mi bo ojú. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí, oníṣòwò elùbọ́ láti Ọjà Ọba, kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lórí itan, kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ so ó mọ́ Ògúnpa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Nọ́ọ̀sì ní kí n má yára. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni omi gbé ẹrù wọn lọ tí wọn ò di akójọ, ọ̀pọ̀ akójọ ni omi ò sì wọ ilé wọn rí. Pé ó máa ń rìn nínú ẹbí pẹ̀lú, àdánù ńlá sì lè ti èèyàn síwájú nínú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìdáhùn yẹn. Kò fún mi ní ohun tí mo fẹ́ gbọ́.

Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ nìyí. Ẹ ò ní san owó ìwọlé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni a ń dá fún omi, pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù àti gbọ̀ngàn, ẹni tí kò bá ní, wọn kì í bi í. Wọ́n máa ń pàṣẹ pé kí ẹ mú ẹnì kan láti ilé dání, ẹni tí ẹ fọkàn tán. Nígbà tí mo bi Màmá Nọ́ọ̀sì ìdí rẹ̀, ìtàn Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, ló sọ. Ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó ń darí ibẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí mọ̀lẹ́bí kan sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá. Lambo yìí kan náà ló padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. “Ohun tí bàbá yẹn ṣe là ń ṣe ní kékeré,” ni Màmá Nọ́ọ̀sì wí. Ìyàwó àbúrò mi ni mo mú lọ. Mo yàn án nítorí pé òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ típà.

Òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rú: ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kan ẹrù rẹ. Wọn á bi ọ́. Bí o bá ní rárá, ó tán nìyẹn. Nítorí òfin yìí ni mo ṣe ń kọ èyí. Ní gbogbo ayé mi pẹ̀lú ìṣòro yìí, kò sí ẹni tó bi mí rí kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wá sílé mi, ojú rẹ̀ ò lọ sí ara òkìtì rárá. Ẹnu ọ̀nà ló wò. Ó na apá méjèèjì, ó fi wọn ọ̀nà tó ti ibùsùn mi lọ sí ilẹ̀kùn, apá kan ṣoṣo ló gbà. Ó wo sítóòfù, ó wo wáyà tó gba abẹ́ páálí kọjá, ó bi mí ibi tí mo ń gbé àbẹ́là sí bí iná bá lọ. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má tíì da nǹkan kan nù. Ẹ kàn sún wọn. Bí iná bá sọ lóru, kí ẹsẹ̀ yín lè ríbi gbà.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀nà nìkan la là. Mo rò pé ó kéré. Ìgbà tí mo wá dìde lóru lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tí mi ò kọsẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi.

Wọ́n ní àwòrán kan tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ṣe: mẹ́sàn-án fún pálọ̀, mẹ́sàn-án fún yàrá, mẹ́sàn-án fún ilé ìdáná, láti ibi tó mọ́ dé ibi tó kún dé òkè. Wọ́n á ní kí o nawọ́ sí èyí tó jọ tìrẹ. Mo nawọ́ sí ẹ̀kẹrin. Ìyàwó mi nawọ́ sí ìkeje. A wo ara wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, pálọ̀ yín ni mo ń wò.” Mi ò bínú, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ẹ̀kẹrin lọ sókè ni wọ́n ń kà sí ohun tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ìkùnà kan tí mo rí nínú èyí ni pé pálọ̀ òyìnbó ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí kẹ́ẹ̀gì, kò sí odó, kò sí àpò gàrí, kò sí jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé kí a ya tiwa, kí onílé tó bá gbà fún wa ní àṣẹ. Wọ́n ní àwọn ń rò ó. Oṣù mẹ́fà ti kọjá lórí ìrònú yẹn.

Iṣẹ́ gan-an wà lórí tábìlì gígùn. Olúkúlùkù á kó àpò kan wá láti ilé, wọ́n á gbé aago kalẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tí yóò dúró, èyí tí a ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, èyí tí yóò lọ pẹ̀lú àwọn kólẹ̀kódọ̀tí. Bí aago bá dún, ó tán, kódà bí o bá fẹ́ máa bá a lọ. Mo kó tíréè mẹ́sàn-án lọ. Mo gbé àkọ́kọ́ sókè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

“Ta nìyí, Tíṣà?” Màmá Nọ́ọ̀sì bi mí.

Mo ní ìyá ẹlẹ́kọ ni. Mo ní nígbà ìyanṣẹ́lódì, tí wọn ò san owó wa fún oṣù mélòó kan, ó ń fún mi ní ẹ̀kọ mẹ́fà láràárọ̀ fún àwọn ọmọ, kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì bi mí títí ó fi kú.

Ìyàwó mi ti mú bírò. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹlẹ́wé ọgọ́ta: orúkọ ìyá náà, ẹ̀kọ mẹ́fà, àwọn oṣù ìyanṣẹ́lódì. Ó kà á sókè fún gbogbo tábìlì. Oníṣòwò elùbọ́ ní, “Ẹni ire ni ìyá yẹn.” Lẹ́yìn náà ni mo tó lè fi tíréè náà sí ìhà ọrẹ, ó sì ti di ti obìnrin kan tó ń ta àkàrà ní àdúgbò wa báyìí. Tíréè mẹ́ta péré la ṣe lọ́jọ́ náà. Ìwé ti di méjì tó kún bámúbámú, ìwé ètò ìsìnkú ti kúrò ní Ghana-must-go mẹ́rin, ó ku ìdajì ọ̀kan. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olóògbé wọ̀nyẹn tí mo gbàgbé. Mo lè ṣí ìwé kí n kà wọ́n fún yín.

Wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ ọjà, òun ló le jù fún mi. Wọ́n kó wa lọ sí Gbági Tuntun, àwa mẹ́fà, owó ọkọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ wa ni kí a dúró níwájú ohun tó bá fà wá lójú, kí a sọ bí ara ṣe ń ta wá tó láti 0 dé 10, kí a má sì rà á. Mo dúró níwájú àwọn tó ń ta àjákù léèsì, ẹ̀yí tí wọ́n ń dì ní ìdì. Mo ní mẹ́sàn-án. Mo ti ń rí ìrọ̀rí tí mo fẹ́ fi rán. Wọ́n ní kí n ṣáà máa mí, kí n má lọ. Bíi ogún ìṣẹ́jú, ó ti di mẹ́rin. Nígbà tí a wọ Máíkírà, méjì. Mi ò mọ̀ rí pé ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé bí n kò bá rà á, yóò máa ta mí títí láé. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, níbi ìgbéyàwó kan ní Bódìjà, wọ́n na abọ́ oníke sí mi, mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ fún ẹlòmíràn.” Obìnrin tó ń pín in rò pé inú ń bí mi. Ìyàwó mi, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì.

Ohun tí mi ò retí lọ́dọ̀ wọn ni pé wọ́n bá mi bá aládùúgbò mi sọ̀rọ̀. Bàbá tó wà lẹ́yìn ọgbà mi ti ní òun máa pe wolé-wolé nítorí eku, ó sì ní ẹ̀tọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì àti bọ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ lọ kí i. Wọn ò tú àṣírí mi ju bí mo ṣe fún wọn láyè lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún oṣù méjì, èmi náà ṣèlérí pé ìhà ọgbà ni màá kọ́kọ́ tú. Ó gbà. Ní ọjọ́ tí àwọn tó ń ra irin kóńdẹ̀m wá gbé fíríìjì méjèèjì, òun ló wá bá wọn gbé e gba ẹnu géètì.

Bọ̀dá yẹn fúnra rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ìṣòro òun níta, wọ́n á gbé òun lọ sí ilé wèrè ní tipátipá. Màmá Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé òfin 1958 tó ń pe èèyàn ní wèrè ti kúrò nílẹ̀, pé òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023 ti fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára ẹgbẹ́ lọ, tí ìbànújẹ́ ọkàn bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á kọ lẹ́tà fún un lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, ẹnì kan á sì bá a lọ. Mo ti bá ẹnì kan lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní ẹ̀sùn o. Àtẹ̀gùn yẹn ga fún orúnkún àgbà. Ìyá kan tó nílò wọn ju èmi lọ ti dáwọ́ dúró nítorí rẹ̀. Nínú oṣù mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni dókítà wá, ó sì yẹ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìfẹ́ inú nìkan kò lè dípò ìmọ̀. Àwọn ọkùnrin kì í pẹ́ níbẹ̀, mi ò sì rí ohun tí wọ́n ń ṣe láti dá wọn dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ran Màmá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ máa ń fi èèyàn wé èèyàn, “Ẹ wo bí ti Ìyá Elélùbọ́ ṣe yá.” Mo ti sọ fún un pé kó má ṣe é mọ́, ó sì ti ń gbìyànjú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà òjò tó kọjá, òrùlé gbọ̀ngàn ń jò, wọ́n ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsọ fún wa ṣáájú. Mo gun òkè dé ẹnu ọ̀nà, mo bá àgádágodo lára rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí i padà, kẹ́ẹ̀gì 31 ti wọ ilé mi. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, wọn kì í gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ láìkìlọ̀. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ìpàdé, Màmá Nọ́ọ̀sì sì dìde, ó bẹ̀ wá, ó ní ẹ̀bi òun ni. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ìpè wà fún olúkúlùkù wa, a sì ń lọ sí pálọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ bí òjò bá dí gbọ̀ngàn lọ́wọ́.

Èèyàn mẹ́rin lè jókòó ní pálọ̀ mi báyìí. Yàrá méjì ṣí sílẹ̀. Yàrá kẹta ṣì kún, ìwé àwọn ọmọ 1994 wà níbẹ̀, mi ò tíì múra tán, kò sì sẹ́ni tó ń lé mi. Nígbà ọdún Kérésì, ọmọ mi wálé láti Kánádà, ó sùn ní yàrá kejì lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí ọ̀rá òfìfo kan nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró. Ó ní, “Mọ̀mí, ṣé kí n gbé e?” Mo ní kó gbé e.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn. Méjì tó kù wà fún àtẹ̀gùn àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn.

Sátidé kejì àti ìkẹrin nínú oṣù ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ wọ Máíkírà dé Dùgbẹ̀, kí ẹ tún wọ òmíràn lọ sí Mọ́kọ́lá. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹni tí kì í fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kó àpò kan wá, ẹyọ kan péré, kí ó jẹ́ èyí tí kò ká yín lára jù. Ọwọ́ fèrèsé ni kí ẹ jókòó sí, ibẹ̀ ni fáànù tó ń ṣiṣẹ́ ń fẹ́ sí.